Bátìrì Tí Bàbá Mi Ń Sá Sóòrùn

Bàbá mi ní àṣà kan tí ọ̀pọ̀ àgbà ní Otu ní: bí bátìrì rédíò bá ti ń rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn lẹ́nu ọ̀nà kí agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sá a. Bí wọ́n bá tan rédíò lọ́sàn-án, ariwo ṣíììì ni.

"Bátìrì yìí ti kú," wọ́n á wí.

Èmi á rẹ́rìn-ín. Mo ti fi mítà iná wọ̀n ọ́n: fóòtì kan àti ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi tuntun. "Bàbá, bátìrì yín lágbára jù mí lọ."

Èmi ni mo kọ́ ara mi níṣẹ́ iná, lórí fóònù àti nínú ẹ̀rọ tí mo tú palẹ̀. Mo mọ̀ pé fíríìsà, ṣájà àti gílóòbù olówó pọ́ọ́kú lè da rédíò láàmú, pàápàá lórí ìkànnì AM tí Bàbá ń gbọ́. Fíríìsà aládùúgbò wa tó ń ta omi tútù ni mo di ẹ̀bi rù.

Nígbà tó yá, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n jáde, wọn ò padà. A gun ọ̀kadà kiri oko, a wá wọn títí. Lọ́jọ́ kejì, ìrètí wa kan ṣoṣo ni ìkéde àwọn tó sọnù àti àwọn tí wọ́n rí, èyí tí rédíò máa ń kà lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́sàn-án.

Àsìkò tó. Ṣíììì. Mo sáré lọ bá aládùúgbò wa.

"Ìyá Olómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fíríìsà!"

"Ó ti bàjẹ́ láti ìjẹta, Injiníà. Ó ku kí ẹ ní kí n pa oòrùn."

Mo gbé rédíò wá sí àgbàlá, ariwo le sí i. Ìyá mi ń sunkún pé wọ́n ti ń ka orúkọ. Ìkùukùu kan kọjá lójú oòrùn, ariwo rọlẹ̀. Oòrùn yọ, ariwo tún dé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná sólà ilé wa ló ń pariwo nígbàkígbà tí oòrùn bá ràn! Èmi ni mo rà á lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo so ó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi òrùka irin dúdú tó ń pa ariwo sí wáyà rẹ̀. Mo ní tó bá di ọjọ́ mìíràn.

Mo fa ìró ìyá mi kan yọ lórí okùn aṣọ, mo gun òrùlé, mo fi bo páńẹ́ẹ̀lì sólà kí oòrùn má bàa kàn án. Ilé pa rọ́rọ́. Ohùn kan jáde ketekete:

"...baba arúgbó kan tó wọ bùbá aláwọ̀ eérú. Ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọ́n wà nílé lémọ́ọ̀mù ní Komu. Wọn ò rántí orúkọ ara wọn. Wọ́n ṣáà ń sọ pé bátìrì rédíò làwọn wá rà."

Ìyá mi ń kígbe nísàlẹ̀ pé kí n sọ̀kalẹ̀, kí n wá ọ̀kadà. Páànù ń jó mi lórúnkún. Ọwọ́ mi ò fẹ́ kúrò lórí ìró náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ká a, bàbá mi á tún sọnù.