Ìwé Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ń Yá

Ọdún kẹfà rèé tí Fatimoh Ọláníyan ti ń yá ìwé kan náà ní ilé ìkàwé àdúgbò rẹ̀ ní Ajax, ìlú kan lẹ́bàá Toronto ní Kánádà. Ìtàn ìlú kékeré kan ní Íńdíà ni. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Toronto ló ti máa ń kà á: aránṣọ tó ń purọ́ pé bọ́tìnnì nìkan ló kù, ọ̀gá iléèwé tó ń bá ìyàwó rẹ̀ yan odì nítorí ṣúgà inú tíì. Kò yàtọ̀ sí Ìkìrun tí wọ́n bí i sí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Ṣìmí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé náà di ìwé náà mú lórí káńtà.

"Auntie, wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń yá a. Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni."

"Ṣé wọ́n ti pa èèyàn nílé yín rí?"

Ṣìmí rẹ́rìn-ín. "Rárá, ma."

"Ṣé nǹkan kan kì í wá ṣẹlẹ̀ nílé yín ni?"

"Ẹ kúkú máa mú un lọ pátápátá, ma."

Fatimoh kọ̀. Bó bá gbé e lọ sílé, ta ló tún máa bá a pàdé lórí àtẹ?

"Tí ẹni méjì bá yá ìwé lọ́dún, ṣé ẹ ń yọ ọ́?"

"Rárá, ma."

Ó ti ìwé náà síwájú ọmọ náà. "Mú káàdì tìẹ wá, kí ìwọ náà yá a. Sátidé tó ń bọ̀, màá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ṣúgà ọ̀gá iléèwé inú ẹ̀."