Ẹni Tó Bú Ìlú Rẹ̀ fún Àlejò

Ẹni bá fẹ́ gbọ́ èébú ìlú náà dáadáa, kó lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aago. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń bú u níbẹ̀ o, àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò gba ju èèyàn mẹ́ta lọ: tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, dígí kékeré tí bàbá ń fi sójú láti rí inú aago, àti ògiri tó kún fún aago, tí kò sí méjì nínú wọn tó sọ wákàtí kan náà. Ìta ni bẹ́ǹṣì wà. Lọ́sàn-án gbogbo, lẹ́yìn oúnjẹ, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìntì àti káfíńtà á wá síbẹ̀, eré á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan á ní ọ̀nà ìlú àwọn burú débi pé ẹyin tútù tó bá wọ ọkọ̀, díndín ni yóò bọ́ sílẹ̀. Èkejì á ní bí akọ̀wé bá gba ìsinmi ní ọ́fíìsì ìlú, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí èébú rẹ̀ bá dùn jù ló ń gba àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Aago ló sì máa ń gbà á jù. Ẹnu bàbá yìí mú ju abẹ lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni eré náà ní: bí àlejò bá ti yọ, kí gbogbo ẹnu pa dé. Ẹni tó ní ìyá òun kò mọ ọbẹ̀ sè, kò ní kí aládùúgbò bá òun dá sí i.

Bàbá Aago fúnra rẹ̀ ló rú òfin yìí. Obìnrin kan gbé aago tó ti kú wá, ó jókòó dè é, ó sì ń béèrè bí àwọn ará ìlú ṣe rí ìlú wọn. Awakọ̀ yin àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà. Káfíńtà yin ọjà. Obìnrin náà yán. Yíyán yẹn ló dun bàbá. Ó gbójú sókè, ó wo òdìkejì ọ̀nà, ó ní: “Àlejò tó bá sun ilé èrò níbí, kó fi bàtà ẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, kó má baà fẹsẹ̀ lásán rìn relé.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rí i tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọjọ́ tí yóò wá gba aago ló ń kọ, ó sì lọ jókòó sórí àga onítìmùtìmù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn tí obìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́. Wọn kò dárúkọ rẹ̀, àgbàlagbà kan ní òpópónà ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n pè é. Ilé èrò kan ṣoṣo ló sì wà ní òpópónà yẹn, ilé Ìyá Alálejò, opó ọ̀rẹ́ bàbá tímọ́tímọ́. Yàrá méje ni, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù bàbá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lọ aṣọ ibùsùn wọn, kò tíì sí àlejò tó sọ abẹ́rẹ́ nù níbẹ̀ rí. Àmọ́ ìwé ìròyìn ti rìn jìnnà ju ìwà rere rẹ̀ lọ. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin á wo pátákó ilé náà, wọ́n á fi ẹ̀rín sẹ́nu, wọ́n á kọjá. Nígbà tó di oṣù kejì, ìró méjì péré, tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ló kù lórí okùn tí aṣọ ibùsùn méje máa ń kún.

Gbogbo rẹ̀ ni bàbá ń rí láti ojú fèrèsé. Àwọn ìdè kéékèèké inú aago ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó gbé búrẹ́dì lọ fún Ìyá Alálejò, ó tún aago ara ògiri rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ó bà jẹ́. Obìnrin náà dúpẹ́ títí, ọpẹ́ yẹn ló wá fi kún ìyọnu bàbá, nítorí ẹ̀bi kì í gba búrẹ́dì. Àwọn ará bẹ́ǹṣì mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó tú u síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Alálejò wọlé tòun ti ìwé àti kálàmù. Ó ní òun kò mọ ìwé kọ dáadáa, kí Bàbá Aago bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn oníròyìn. Bàbá jókòó. Obìnrin náà ń pè é, bàbá ń kọ ọ́: iye ọdún tí ilé náà ti wà, àwọn tó ti sùn níbẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ò mọ̀ wá,” obìnrin náà wí. “Ó kàn ń kọjá lọ ni. Ẹni tó bá mọ̀ wá ò lè sọ ọ́.”

Kálàmù dúró. Ìtìjú bo bàbá. Ó lè kọ ọ́, kí obìnrin náà buwọ́ lù ú, kí òun sì sinmi.

“Mi ò lè kọ ìyẹn,” ló sọ níkẹyìn. “Èmi ni mo sọ ọ́.”

Obìnrin náà kò pariwo. Ìbá sàn fún bàbá ká ní ó pariwo. Ó fi ọwọ́ di etí tábìlì mú, ó wo ojú fèrèsé, ó rí ohun tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń rí.

“Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, Bàbá Aago, ṣé ilé mi lẹ̀ ń wò?”

Bàbá ti tọ́jú irọ́ sílẹ̀. Kò jáde.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Obìnrin náà wá fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó.

“Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀,” ló wí. “Kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí i.”