Fídíò Ilé Tí N Kò Fẹ́ Tà

Bí ẹ bá bá mi nínú ilé òfìfo kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mò ń dá sọ̀rọ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, orí mi pé. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ajẹ́ńtì ilé ni mí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn wá ilé tí wọ́n fẹ́ rà tàbí tí wọ́n fẹ́ gbé. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ àti ẹnu ni irinṣẹ́ wa. Èmi àti oníbàárà á jọ rìn, a ó jọ làágùn, a ó jọ bú onílé tí òrùlé rẹ̀ ń jò tó sì ń pe owó gọbọi. Kí a tó dé ilé kẹta, mo ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ohun tó ń lé e kúrò níbi tó wà. Nísinsìnyí, fóònù ni oníbàárà mi. Màá nà án síwájú, màá rẹ́rìn-ín sí i: “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pálọ̀ rèé, ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó.” Ohùn mi á lọ bá ògiri, á sì padà wá bá mi.

Àwọn tó ń ra ilé lọ́wọ́ wa báyìí, Èkó ni wọ́n wà, àwọn mìíràn wà lókè òkun. Wọn ò lè wá, fídíò ni wọ́n ń béèrè. A sì ní bí a ṣe ń ya fídíò náà. A kì í ya géètì, a kì í ya títì, a kì í jẹ́ kí pátákó orúkọ àdúgbò hàn, nítorí bí oníbàárà bá ti mọ ibi tí ilé wà, ọ̀dọ̀ onílé ló ń lọ tààrà, ajẹ́ńtì á wá fọwọ́ lẹ́rán. Nítorí náà, inú ilé nìkan là ń yà: yàrá, ilé ìdáná, balùwẹ̀. Ilé tí a bá yà báyìí lè wà níbikíbi, ó sì lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Mi ò mọ fídíò yà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, gbogbo ilé tí mo bá yà ló ń dà bíi pé ilẹ̀ ń mì. Mo ní kí n kọ́ ọ pẹ̀lú ilé tèmi kí n tó fi ilé onílé dójú ti ara mi. Ilé tí èmi àti olóògbé ọkọ mi jọ kọ́ ni. Mo ya pálọ̀, mo ya ilé ìdáná. Mo ya balùwẹ̀ tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ táìlì sí lẹ́yìn tí ó bá alátáìlì jà, tí ìlà kan sì wọ́ lára ògiri títí dòní. Mo ya yàrá ọmọ mi. Mo wá fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa ajẹ́ńtì lórí Wásáàpù, mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó?”

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ilé yòówù tó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ wa ti di ọjà gbogbo wa. Wọn ò ka ohun tí mo kọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yọ ohùn mi kúrò, wọ́n ti fi orin sí i, kálukú ti lẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. “Ilé aláràbarà fún títà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ni ín ń kó lọ sí òkè òkun.” Èmi tí n kò ní páásípọ́ọ̀tù! Mo bú wọn nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń pè mí ní Màmá wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ajẹ́ńtì kan tí n kò rí rí, tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa júwe ilé mi fún, kanlẹ̀kùn mi, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa, a fẹ́ wo ilé. Onílé ti mọ̀ pé à ń bọ̀.” Mo ní, “Onílé wo?” Ó ní ọ̀gá kan báyìí ni, àwọn jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ẹ ò rí i pé irọ́ ti wọ ọmọ náà lẹ́wù! Mo ti la ẹnu láti lé wọn nígbà tí obìnrin náà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo fún un lómi. Ó jókòó sórí àga ọkọ mi, ó ní ilé náà tutù, ó ní ta ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ti lọ, kò sẹ́ni tó jókòó lórí àga yẹn. Mo mú wọn káàkiri gbogbo yàrá. Mi ò sọ pé ilé kì í ṣe títà, ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rántí pé ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Kí n wá sọ ti ọmọ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni, Kánádà ni òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn wà. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Tí mo bá kọ̀wé sí i, á fi àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo dáhùn. Tí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, á ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun á pè. Mo máa ń yẹ àwọn tó wo sítátọ́ọ̀sì mi lórí Wásáàpù wò láràárọ̀. Kì í ṣe oníbàárà ni mò ń wá. Tí mo bá ti rí orúkọ rẹ̀ láàárín wọn, mo mọ̀ pé ó jí, ara rẹ̀ le. Àwọn ilé mìíràn wà tí mo gbé síbẹ̀ tí mo mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó máa rà wọ́n. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe gbé wọn síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló pè. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń wá ilé rà sílé, tó sì fi fídíò kan hàn án. Ìlà táìlì tó wọ́ yẹn ló rí.

“Mọ́mì! Ṣé ẹ fẹ́ ta ilé wa ni?”

Ó ń mí gúlegúle. Inú mi dùn pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Kò gbà, ó ní kí n gbé fóònù káàkiri kí òun fojú ara òun rí i. Mo gbé e wọ gbogbo yàrá, bí mo ṣe ń ṣe fún oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹni yìí ń dá mi lóhùn. Ó béèrè ibi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí. Ó béèrè bóyá igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so. Ojoojúmọ́ ló ń pè lọ́sẹ̀ yẹn. “Mọ́mì, ṣé wọ́n ti yọ ọ́?” Màá ní wọn ò tíì yọ ọ́, á bínú, a ó jọ bú àwọn ajẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Mo ń jẹun dáadáa nígbà yẹn.

Wọ́n wá yọ ọ́ nígbà tó yá. Èmi náà ni mo jẹ́ òmùgọ̀ tí mo sọ fún un. Ó ní, “Ọlọ́run ṣeun,” ipè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù títí tó fi padà sí àtàǹpàkò.

Mo fara dà á. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo gbálẹ̀, mo ká kọ́tìnì sókè, mo tún ilé náà yà. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́. Mo fi ohùn ara mi sí i, mo fi nọ́ńbà ara mi sí i, mo kọ “Fún títà,” mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Mo wá jókòó tì í.

Ó pè kí n tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

“Mọ́mì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e síta.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ẹ má bínú pé mo pariwo lé yín lórí nígbà yẹn. Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín ni mi ò mọ̀. A ti ra ilé níbí. Àwọn ọmọ ò mọ ibòmíràn. Ẹ tà á, Mọ́mì. Ẹ gba ibi kékeré kan, kí ẹ fi owó tó kù tọ́jú ara yín.”

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí èmi náà ṣe máa ń bá onílé tó ń fà sẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ìbínú rẹ̀ ìjọsí ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní mo ti gbọ́, kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé fóònù láti yọ fídíò náà kúrò. Nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ ti kọ̀wé sí mi: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yẹn ṣì wà? Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa fẹ́ wá wò ó.”

Mo jókòó sétí ibùsùn. Mo kọ ọ́ pa dà pé ó wà, kí gbogbo wọn máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n má sì jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé.