Ọgbà Tí Ewúrẹ́ Ò Lè Jẹ

"Ẹ wá wò ó o! Ewúrẹ́ ti fi ọgbà mi jẹun àárọ̀!"

Ohùn Màmá ló jí mi. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, wọ́n dúró nínú oòrùn, wọ́n di ọ̀pá ìyeyè kan tí kò ní ewé mọ́ mú. Ewúrẹ́ ilé kejì dúró níwájú wọn, ewé ìkẹyìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ ọn.

"O ò tilẹ̀ dúpẹ́," ni wọ́n wí.

Màmá kì í ṣe ẹbí mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ní Ìlá, láyé ìgbà tí sójà ń fi dandan lé e pé kí kálukú máa tún àyíká ṣe ní Sátidé. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Àbíjáǹ. Ọ̀nà ọjà gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlá wọn kọjá, gbangba ni àgbàlá náà sì wà. Ẹni tó bá ń kọjá á kí wọn, á wo ìkòkò kékeré tó wà lórí iná, á wá bèèrè pé, "Màmá, àwọn ọmọ ò tíì wálé ni?"

"Wọ́n ń bọ̀ ní Iléyá."

Iléyá á dé, Iléyá á lọ. Òórùn ẹran díndín á gba àdúgbò kan, Màmá á máa jẹ èyí tí àwọn ará ilé wa bá gbé fún wọn.

"Irọ́ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rin," ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Irọ́ náà gan-an á ti fẹ́ sinmi."

Ìdí ọgbà nìyẹn. Wọn ò fẹ́ ọgbà ọparun, nítorí ikán á jẹ ẹ́, ta ni yóò sì tún un ṣe? Igi tó máa hù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá, tí oòrùn ò ní pa, tí kò ní ní kí ẹnikẹ́ni pọnmi fún òun. Lẹ́yìn ìyeyè, a gbin ewúro. Ewúro ṣe dáadáa, àfi pé gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń wá já a, ẹni tó bá sì já ewúro ẹni lọ́fẹ̀ẹ́ á rò pé ó yẹ kí òun fi ọ̀rọ̀ san án: á jókòó, á bèèrè ọmọ. Màmá fa gbogbo rẹ̀ tu. Pèrègún ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ojú ń gba àárín rẹ̀ wọlé.

Làpálàpá ló kẹ́yìn. Màmá gé ọ̀pá rẹ̀ níwọ̀n apá, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ méjì kí oje rẹ̀ gbẹ, kó má baà jẹrà, a wá rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà òjò àkọ́rọ̀. Oje yẹn ba aṣọ iléèwé mi jẹ́, ìyá mi sì fi ẹgba bá mi sọ ọ́. Ewúrẹ́ wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó yí ẹ̀yìn padà. Màmá pàtẹ́wọ́ fún un. A ò bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan. Kí ọdún kejì tó pé, ó ti ga ju àgbàlagbà lọ.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹni tí a bá rí là ń kí. Ta ló ń kí ewé? Ẹsẹ̀ ń kọjá, bàtà ń ró, kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan mọ́. Màmá ti rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà. Mo máa ń bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n dẹ etí sí ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ìró ẹsẹ̀ dá àwọn èèyàn mọ̀.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ odó lágbàlá wọn ní ọ̀sán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!" ni àwọn tó ń kọjá ń wí.

"Oo! Ẹ kú ọ̀nà o!"

Wọ̀bìà ni mí nígbà náà, ṣé mo tiẹ̀ ti fi í sílẹ̀ ni? Mo gbé àwo mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo ń lé iyán lọ. Màmá ń gún un, òógùn ń bọ́. Mo yọjú sínú odó. Kò sí iṣu. Kò sí nǹkan kan. Ó gbẹ táútáú.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdé ò mọ ohun tó ń pani lẹ́kún. Màmá náà rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú.

"Ṣé wàá sọ?"

"Rárá o, Màmá."

"Mú ọmọ odó kejì, jàre."

À ń gún òfìfo odó náà lọ. Obìnrin kan dúró lójú ọ̀nà. "Màmá! Ẹ̀yin méjì lẹ̀ ń gún un lónìí! Àbí àwọn ọmọ ti dé?"

Màmá gbé ọmọ odó dúró lókè. Wọ́n wò mí.

"Ọ̀kan ti dé!" ni wọ́n fi dáhùn.

Àwọn mẹ́ta yòókù dé nígbà tí Màmá kú. Wọ́n bẹ́ làpálàpá náà lulẹ̀ kí mọ́tò wọn lè ráyè wọlé.

Búlọ́ọ̀kù ni ọgbà Ìlá báyìí, àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ru ike tí mò ń tà, tí mò ń kọjá, mo máa ń kí ògiri: "Ẹ kú ilé o!" Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń lọ sọ́jà á máa ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Oníke, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹni tó bá wà níbẹ̀."

Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó ń dáhùn. Mo máa ń dúró díẹ̀ ná, kí n tó gbẹ́sẹ̀.