Ẹ̀dọ̀fóóró Tí Bàbá Tìmùtìmù Rán

Wọn ò sọ ọ́ ní Bàbá Tìmùtìmù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń rán aṣọ àga, ó ń ki fóòmù sínú ìrọ̀rí, kò sì sí oníbàárà tó dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bó bá rán tìmùtìmù méjì, á gbé wọn léra, etí á bá etí mu. "Ìbejì ni," á wí. "Ẹ ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì."

Eruku fóòmù wọ̀ ọ́ láyà, ó sọ ọ́ di oníkọ́. Ikọ́ yẹn ló mú un lọ níkẹyìn. Ikọ́ náà ló sọ Bàbá àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òpópó di ojúlùmọ̀. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì gbé àwòrán ńlá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ bá mi fi aṣọ rán èyí. Ohun tá a fi ń mí ni. Tí mo bá ń fi àwòrán kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Mo fẹ́ èyí tí wọ́n lè fọwọ́ kàn."

Bàbá wo àwòrán náà. Orúkọ òyìnbó ló kún ara rẹ̀. Ó nàka sí ohun gígùn tó wà lókè. "Kí là ń pe èyí?"

Nọ́ọ̀sì pè é lédè òyìnbó.

"Ẹ gbé ìyẹn mì. Kí là ń pè é nílé?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Kòmóòkun. Ibẹ̀ ni èémí ń gbà láti gògóńgò wọ àyà."

Bàbá fọwọ́ tẹ ọ̀fun ara rẹ̀. Òrùka òrùka ló bá níbẹ̀. Ló bá mú sípíríǹgì àga, ó fi awọ bò ó, kòmóòkun dé. Rọ́bà ló fi ṣe ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì. Ìdérí tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣìnà wọ ibẹ̀, awọ bàtà ni. Fóòmù ló gé fún ẹ̀dọ̀fóóró, torí nọ́ọ̀sì ní àpò èémí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, bí ihò inú fóòmù. Ó fi aṣọ pupa bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Bàbá ọmọ mi, ta ló fẹ́ jókòó lé èyí?"

"Ìwọ ni. Yípadà, kí n wọn ìdí rẹ."

Nọ́ọ̀sì padà wá. Ó yẹ iṣẹ́ náà wò títí. "Ó dára, Bàbá. Àmọ́ ti òsì tóbi jù."

"Irọ́ ni! Ẹ wọ̀n ọ́n. Kò fi bí orí abẹ́rẹ́ ju ti ọ̀tún lọ."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Kò yẹ kí wọ́n dọ́gba. Ọkàn gba àyè lápá òsì. Ti ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì pín sí méjì."

Ojú Bàbá le. Ṣé òun ni wọ́n á dá iṣẹ́ padà fún, lọ́jọ́ ogbó? "Ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí."

Nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ. Ìyàwó ní kí Bàbá jù ú síbi kan, kó wá nǹkan gidi rán. Ikọ́ gbé Bàbá. Nígbà tó rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà òsì. Ó tẹ́tí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ayálégbé kan ń bẹ níbí."

Ó mú abẹ bẹ́léèdì, ó tú ojú rírán. Ẹni tó mọ rírán tí kò mọ títú, ààbọ̀ iṣẹ́ ló mọ̀. Ó gé ti òsì kéré, ó dá kọ́rọ́ sí i fún ọkàn, ó pín ọ̀tún sí mẹ́ta, òsì sí méjì. Nọ́ọ̀sì tún dé, ó fọwọ́ tọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí àṣìṣe kan. Ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó fẹ́ pe ẹni tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bàbá kọ̀. Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró mí. Mẹkáníìkì kan yọ orí lábẹ́ mọ́tò.

"Bàbá, kí lẹ gbé yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀fóóró."

"Ti ta?"

"Tìẹ. O ò rí i rí. Wá wò ó."

Mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó wá, ó ká etí aṣọ. "Háà, Bàbá! Ọ̀kan mà kéré. Ọwọ́ yín ti ṣì lónìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ó gbé iṣẹ́ náà lé orí mọ́tò, ó ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀ pátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti kòmóòkun.