Ṣáàfù Tó Pè Mí ní Àṣàkẹ́

Mo jẹ́ ìpè tí kò yẹ kí n jẹ́ lónìí o.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Pleasant Grove, l'Amẹ́ríkà níbí, ni mo lọ lọ́sàn-án, láti ra ṣáàfù, ọ̀pá oníhò tó ń yí táyà ẹ̀yìn, fún ọkọ̀ tí mo fi ń sáré ìje. Èyí tí wọ́n fi káábọ̀nù ṣe fúyẹ́ ju ti irin lọ, àmọ́ àlòkù onírin kan ló wù mí. Mo fi ìka gbá a. Ó dún, ohùn kan sì jáde nínú ihò rẹ̀:

"Àṣàkẹ́!"

Ìyá àgbà mi tó ti kú nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Mà!"

Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù wò mí. "Ìwọ náà dá a lóhùn? Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà máa ń dá a lóhùn."

Ti káábọ̀nù ni mo rà.

Ẹ̀yin tí màmá yín kìlọ̀ fún pé ẹ má dáhùn bí ẹ ò bá rí ẹni tó pè yín, kí ni wọ́n ní kí ẹni tó ti dáhùn ṣe?