Ìwo Sìmẹ́ńtì Lórí Ilé Kékeré

Ẹ ṣí fìlà fún ìwo sìmẹ́ńtì tó wà ní igun òrùlé! Àwọn Hausa àtijọ́ ló ń fi amọ̀ mọ ọ́n, zankwaye ni wọ́n ń pè é. Ní Kaduna lónìí, ilé oníyàrá méjì tí kò fojú kan amọ̀ rí náà ń hùwo. Kò gba òjò dúró, kò fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹyẹ pàápàá kì í pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí ó ń jó o lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní in ti di olólùfẹ́ àṣà nìyẹn.

Alhaji kan, Yorùbá tí wọ́n bí sí Tudun Wada, ló ní kí èmi ayàwòrán ilé ya ilé kékeré fún òun, kó jẹ́ ti ìbílẹ̀, kó sì jẹ́ ti ìgbàlódé. Yàrá alámọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé láti ìgbà ìyàwó ni a máa wó kí tuntun tó dúró. Ìyá bẹ̀ mí ní ohun kan.

“Ọmọ mi, ibi tó tutù tí mo lè nà sí lọ́sàn-án. Ooru kì í jẹ́ kí n mí mọ́.”

Mo ya ògiri amọ̀ tó nípọn, fèrèsé kéékèèké lókè, àti àgbàlá láàárín ilé. Alhaji wò ó bí ẹni wo ọbẹ̀ tó ti kan.

“Amọ̀ kẹ̀? Kai! Kí wọ́n lè ní owó ti tán lọ́wọ́ mi?”

“Alhaji, ẹ̀yin lẹ ní ìbílẹ̀ lẹ fẹ́.”

“Ìbílẹ̀ tí èèyàn ń rí látojú títì ni mo wí. Fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, kí o kùn ún ní àwọ̀ amọ̀. Ògiri fàkìàfakia yìí, ibo ni àga mi máa gbà wọlé?”

“Ìyá ńkọ́?”

“Màá ra ẹ̀rọ amúlétutù fún Ìyá.”

Ó fi páànù bo àgbàlá, ó di pálọ̀, ó sì ní kí a gbé ìwo sìmẹ́ńtì sí igun òrùlé. Ó kù díẹ̀ kí n kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ọ̀mọ̀wé kan tó ti Èkó wá gbé ọwọ́ lé ògiri, ó dijú, ó ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn baba ńlá. Sìmẹ́ńtì ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì tẹríba. Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé ju pálọ̀ àlejò lọ, wọ́n bá pa ẹ̀rọ yàrá Ìyá.

Mo wá Ìyá kiri títí mo fi bá a nílé aládùúgbò, nínú yàrá àbáwọlé alámọ̀ tí kò lẹ́wà rárá. Ó nà sórí ẹní, ó fi gèlè tútù bo àyà.

“Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ń wá yín nílé.”

“Jẹ́ kí wọ́n máa wá mi. Ilé yẹn rẹwà, ọmọ mi. Mo kàn wá mí díẹ̀ níbí ni.” Ó sún fún mi lórí ẹní. “Jókòó. Ilé tìẹ ńkọ́, ṣé ó tutù?”

Mo ní kò tutù. Búlọ́ọ̀kù ni mo fi kọ́ ọ, mo sì kùn ún ní àwọ̀ amọ̀.